Olympus Pen EE-3: Kámẹ́rà Àtijọ́ Tí Ó Bá Ìgbà Tí Fífọ Fíìmù Wọ́n Mu

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kámẹ́rà onífíìmù ya àwòrán ní Nàìjíríà lóde òní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kí ó tó wo ẹwà kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san owó kámẹ́rà; owó fíìmù àti owó fífọ̀ rẹ̀ ni kì í tán. Nínú gbogbo kámẹ́rà àtijọ́ tí ó ti gba ọwọ́ mi kọjá, èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó bá irú àkókò yìí mu jù lọ ni Olympus Pen EE-3, kámẹ́rà kékeré kan tí ilé iṣẹ́ Olympus ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 1973. Ìbàdàn ni mo ti ń lò ó, nínú oòrùn, nínú ọyẹ́ àti lásìkò òjò, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe fún ẹni tí ó bá ń ronú láti ra ọ̀kan.

Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé ìdajì ààyè ni ó ń lò lórí fíìmù. Kámẹ́rà 35mm tí ó wọ́pọ̀ máa ń ya àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 24. Pen pín ààyè yẹn sí méjì, àwòrán kọ̀ọ̀kan wá di mìlímítà 18 ní ìbú àti 24 ní gíga. Fíìmù tí wọ́n kọ 36 sí lára yóò fún wa ní àwòrán 72. Èyí tí wọ́n kọ 24 sí lára yóò fún wa ní 48. Bí a bá fi ₦36,000 ṣe àpẹẹrẹ owó fíìmù kan pẹ̀lú owó fífọ̀ rẹ̀, àwòrán kan nínú kámẹ́rà tí ó wọ́pọ̀ yóò jẹ́ ₦1,000, nínú Pen yóò sì jẹ́ ₦500. N kò tíì rí oníláàbù tí yóò dín owó kù fún oníbàárà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe Pen láti ìbẹ̀rẹ̀. Yoshihisa Maitani, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ Olympus nígbà náà, ni ó ṣe Pen àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1959. Kámẹ́rà tí a lè tà ní 6,000 yen ni ó fọkàn sí, kí mẹ̀kúnnù lè rí i rà, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n torí owó fi lẹ́ńsì tí kò dára sí ojú rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀rùn yòókù ni ó fi du lẹ́ńsì náà, ìdí nìyí tí lẹ́ńsì D.Zuiko tí ó wà lójú àwọn Pen fi ń fúnni ní àwòrán tí ó mú ṣáṣá títí di òní. Ní ọdún 1961 ni Pen EE jáde, èyí tí ó ń fúnra rẹ̀ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. EE-3 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò EE yìí.

Ìdí tí owó fífọ fíìmù fi ń gòkè kò ṣòro láti rí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìlú ńlá wo ni kò ní kọ́lọ̀-láàbù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ fíìmù tí ó sì ń tẹ fótò jáde láàrin wákàtí kan? Nígbà tí kámẹ́rà dígítà dé, tí fóònù sì tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ nínú àwọn láàbù yẹn ta ẹ̀rọ wọn tàbí kí wọ́n pa á tì. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó máa jókòó lásán, nítorí pé oògùn inú rẹ̀ ń bàjẹ́ bí fíìmù kò bá ń gba inú rẹ̀ kọjá déédéé. Láàbù tí fíìmù díẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò wá ká owó oògùn púpọ̀ lé àwọn fíìmù díẹ̀ náà lórí. Ẹ̀rọ ti gbó, ohun èlò tí a ó fi tún un ṣe kò sí ní ọjà mọ́, òkè òkun ni oògùn ti ń wá, gẹnẹrétọ̀ ni ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú iye náírà sílẹ̀, dọ́là kan tí kò tó ₦500 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,500 kí ó tó pé ọdún kan. Fàdákà, tí kò sí fíìmù tí a lè ṣe láìsí i, kọjá dọ́là 50 fún áúǹsì kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kò sí èyí tí oníláàbù ìlú wa lè yí padà nínú ìwọ̀nyí, n kò sì dá a lẹ́bi pé ó fi owó kún owó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí kámẹ́rà náà. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́, irin ni ara rẹ̀, ó sì wọ àpò bùbá láìfa aṣọ wálẹ̀ púpọ̀. Yíká lẹ́ńsì rẹ̀ ni ẹyin dígí kéékèèké kan wà tí ó ń dán. Abẹ́ wọn ni sẹ́lì sẹlẹ́níọ̀mù wà, èyí tí ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di agbára iná díẹ̀ tí ó tó fún kámẹ́rà láti mọ bí ojú ọjọ́ ti rí. Kò lo bátìrì rárá. Fún èmi tí mo ti wá bátìrì kámẹ́rà àtijọ́ káàkiri ìgboro láìrí, àǹfààní ńlá ni èyí. Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹni tí ó ń yà kò ju kí ó yí òrùka ojú lẹ́ńsì sí nọ́ńbà tí ó wà lára páálí fíìmù, èyí tí ó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí, láti 25 títí dé 400, kí ó fi òrùka kejì sí A, kí ó sì tẹ bọ́tìnì. Kámẹ́rà yóò yan ihò tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé fúnra rẹ̀, láti f/3.5 tí ó fẹ̀ jù dé f/22 tí ó fún jù, yóò sì yan ọ̀kan nínú ìyára ṣọ́tà méjì tí ó ní, 1/40 tàbí 1/200 ìṣẹ́jú àáyá.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ahọ́n pupa kékeré kan yóò yọ láti ìsàlẹ̀ nínú ihò tí a ń gbà wò, bọ́tìnì yóò sì kọ̀ láti wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, ní ìdí ọjà Òjé níbi tí òrùlé páànù ti bo ojú sánmà, ahọ́n yìí máa ń yọ nígbà tí ojú ẹni ṣì rò pé ìmọ́lẹ̀ wà. Inú máa ń bí àwọn kan sí i, wọ́n á ní kámẹ́rà ń pa wọ́n láṣẹ. Èmi kà á sí ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù lọ lára rẹ̀, nítorí fíìmù tí ó kọ̀ láti fi ṣòfò ni owó tí ó dúró sí àpò mi.

Kò sí ohun tí a ń yí láti mú ojú lẹ́ńsì bá ẹni tí a ń yà mu. Wọ́n ti dè é síbi kan láti ilé iṣẹ́, ohunkóhun tí ó bá sì ti jìnnà tó mítà kan àbọ̀ sí i yóò hàn dáadáa, pàápàá nínú oòrùn wa tí ó ń mú kí kámẹ́rà fún ihò rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò rí ojú ọmọ ìkókó tí ó ṣú. Nítorí náà, kì í ṣe kámẹ́rà fún òrùka ìgbéyàwó tàbí ilà ojú tí a fẹ́ rí fínífíní. Kì í sì í ṣe fún àríyá alẹ́, àyàfi bí a bá gbé fúláàṣì lé e lórí, àyè rẹ̀ sì wà ní òkè.

Ohun kan tí yóò ya ẹni tí kò lò ó rí lẹ́nu ni pé, bí a bá di kámẹ́rà náà mú bí a ti ń di gbogbo kámẹ́rà mú, àwòrán ìdúró ni yóò yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwòrán tí ó fẹ̀ ni yóò fi kámẹ́rà sùn sí ẹ̀gbẹ́. Èyí bá bí àwa ṣe ń ya fótò mu gidigidi. Àwọn onífótò wa àtijọ́ a máa ya ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, ní ìjókòó tàbí ní ìdúró, kí gèlè hàn, kí ìró hàn, kí bàtà náà sì hàn, kí ẹni tí a yà kọjú sí ẹni tí yóò wò ó. Àwòrán ìyá àgbà kan nínú aṣọ òkè tí mo fi Pen yà ní ojú ọ̀nà sọ́ọ̀ṣì kún inú ààyè rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ láìsí pé mo gé ohunkóhun kúrò.

Méjì-méjì ni àwòrán Pen ń rìn lórí fíìmù, nítorí ààyè àwòrán kan tẹ́lẹ̀ ni méjì ń pín. Èyí máa ń mú mi rántí iṣẹ́ tí àwọn onífótò ilẹ̀ Yorùbá ṣe fún àwọn ìdílé tí ọ̀kan nínú ìbejì wọn ti kú. Stephen Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní àárín àwọn ọdún 1970, ṣàkọsílẹ̀ bí onífótò ṣe ń ya ọmọ tí ó kù, tí ó sì ń tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ méjèèjì fún ọmọ tí ó wà láàyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi Pen ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ní méjì-méjì bẹ́ẹ̀: ọwọ́ aláṣọ àti aṣọ tí ó ń hun, ilé ìlẹ̀ àti ọmọ tí ó dàgbà sínú rẹ̀. Ó sì tún ní èrè owó nínú, bí n ó ṣe ṣàlàyé níwájú.

Kí a má tan ara wa, ìdajì ààyè túmọ̀ sí pé a ní láti fẹ àwòrán náà ju ti kámẹ́rà tí ó wọ́pọ̀ lọ kí ó tó tóbi tó bí a ṣe fẹ́, àwọn hóró fíìmù yóò sì hàn. Pẹ̀lú fíìmù 400, fótò tí ó tó ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn ṣì dára lójú mi. Èyí tí a fẹ́ fi kọ́ sí pálọ̀ yóò dà bí ẹni pé a bu iyanrìn lẹ́bú sí i. Pẹ̀lú fíìmù 100 tàbí 200, nínú oòrùn ọ̀sán, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, awọ ènìyàn a sì jọ̀lọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ta fótò ńlá kò gbọdọ̀ torí owó fíìmù sá wá sọ́dọ̀ Pen.

Pé àwòrán pọ̀ nínú fíìmù kan tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tí kì í yà púpọ̀ yóò rí i pé fíìmù kan lè pẹ́ nínú kámẹ́rà fún oṣù púpọ̀, ooru ilẹ̀ wa kò sì dára fún fíìmù tí a ti yà tí a kò tíì fọ̀. Ẹ má fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó dúró sínú oòrùn. Bí ẹ bá rí fíìmù 24 rà, òun ni mo fara mọ́ fún kámẹ́rà yìí, nítorí pé 48 tó fún òde ìsìnkú kan tàbí ìrìn àjò kan, fíìmù a sì tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí ó ń bọ̀ láti London ni ó sábà máa ń bá mi mú fíìmù wá. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi í sínú àpótí tí yóò lọ sí abẹ́ bàálù, kí wọ́n mú un lọ́wọ́, kí wọ́n sì bẹ òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú pé kí ó fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò dípò kí ó gba inú ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń yẹ inú ẹrù wò kọjá, nítorí pé ẹ̀rọ yẹn lè ba fíìmù tí a kò tíì fọ̀ jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ní ti fífọ̀ ni mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí níbẹ̀ ni owó wà. Fíìmù dúdú-àti-funfun kò nílò láàbù. Ọ̀pọ̀ onífótò ní ìlú yìí ni ó fọ tirẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn kí kọ́lọ̀-láàbù tó dé, J.D. 'Okhai Ojeikere, tí gbogbo ayé mọ̀ fún àwọn fótò irun dídì rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú dáàkì-rúùmù ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn ní ọdún 1954. Lónìí, a kò nílò yàrá òkùnkùn pàápàá. Ohun tí a nílò ni àpò dúdú alápá méjì tí a ń ki ọwọ́ bọ̀, táńkì oníke kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ríìlì tí a ó ká fíìmù sí, ìwọ̀n ooru, dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn oògùn tí ó ń mú àwòrán hàn, àti fíkísà, èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bà á jẹ́ mọ́. A ra àwọn ohun èlò yẹn lẹ́ẹ̀kan, oògùn nìkan ni a ó máa tún rà.

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ọwọ́ ni ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá làágùn nínú àpò dúdú, omi ara yóò lẹ̀ mọ́ ríìlì oníke, fíìmù yóò sì há láàrin ọ̀nà, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń ká fíìmù sí ríìlì, tàbí lẹ́yìn tí fáànù bá ti fẹ́ sí mi lára dáadáa, mo sì máa ń nu ríìlì títí tí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ omi. Ilford HP5 Plus ni fíìmù tí mo ń lò jù, ìṣẹ́jú 13 ni ilé iṣẹ́ Ilford sì kọ fún un nínú oògùn ID-11 tí a fi omi lú ní ìdajì, bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 20 ti Celsius. Omi ẹ̀rọ ní Ìbàdàn kì í tutù bẹ́ẹ̀. Omi inú táńkì orí òpó lè gbóná kọjá ìwọ̀n 30 ní ọ̀sán. Bí omi bá ti ń gbóná ni oògùn ń yára ṣiṣẹ́, àkókò yóò sì kúrú débi pé fíìmù lè má gba oògùn dọ́gba.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kò ná mi ní nǹkan púpọ̀. Mo máa ń fi píọ̀-wọ́tà méjì sínú fíríìjì títí yóò fi di yìnyín, mo á gbé e sínú báásíà omi láìtú u, mo á wá gbé ìgò dẹfẹ́lọ́pà, ìgò fíkísà àti omi tí n ó fi ṣan fíìmù sínú báásíà kan náà. Gbogbo wọn yóò jọ tutù, wọn yóò sì jọ dé ìwọ̀n kan náà. Èyí ṣe pàtàkì ju kí a bá 20 gan-an lọ, nítorí pé fíìmù tí ó bọ́ láti inú omi tútù sínú omi gbígbóná lójijì lè wú kí ojú rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́. Bí iná kò bá sí tí yìnyín kò sì dì, mo máa ń gba ìwọ̀n 24, mo sì máa ń dín àkókò kù bí ó ti wà nínú àtẹ Ilford. Ṣíṣàn kò gba omi púpọ̀ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò: lẹ́yìn fíkísà, a ó rọ omi kún táńkì, a ó dà á dojú dé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, a ó dà á nù, a ó rọ òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, a ó rọ ẹ̀kẹta, ogún ìgbà. Ilford náà ni ó fi ọ̀nà yìí kọ́ni, ó sì bá ilé tí a ti ń pọn omi kànga mu. Omi ìkẹyìn ni mo máa ń fi píọ̀-wọ́tà ṣe, nítorí omi kànga máa ń fi àmì funfun sí ojú nẹ́gátíìfù bí ó bá gbẹ. Inú ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ ti sá a, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe da fíkísà tí a ti lò sí ẹ̀bá kànga, nítorí fàdákà inú fíìmù ti wà nínú rẹ̀.

Fíìmù aláwọ̀, tí ọ̀nà fífọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ C-41 láti ọdún 1972, ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ni ó rọrùn fún ju ilẹ̀ òyìnbó lọ. Ìwọ̀n 37.8 ni oògùn rẹ̀ ń fẹ́, fún ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ tútù ní láti ra ẹ̀rọ tí yóò mú omi gbóná. Bókẹ́ẹ̀tì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan tó fún àwa, kì í sì í tètè tutù. Oògùn náà ni kò rọrùn láti rí, ó sì ń gba owó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà mo máa ń kó fíìmù aláwọ̀ jọ kí n tó po oògùn náà, kí n lè fọ gbogbo wọn kí oògùn tó bàjẹ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yìí yóò lọ sí láàbù, mo sì ní ìkìlọ̀ fún un. Láàbù kan ní Èkó tí mo fi fíìmù Pen ránṣẹ́ sí nípasẹ̀ wébìlì ka àwòrán náà bí èyí tí ó fẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gba àárín ojú ènìyàn kọjá nígbà tí wọ́n ń gé nẹ́gátíìfù. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé nẹ́gátíìfù tí a bá gé kò ní àtúnṣe. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sára páálí pé ìdajì ààyè ni, kí wọ́n má gé e, kí wọ́n sì dá nẹ́gátíìfù padà lódidi. Ẹ tún béèrè owó sísíkáànì lọ́tọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ láàbù ń gba ìlọ́po méjì fún 72, èrè tí a ti jẹ lórí fíìmù yóò sì lọ síbẹ̀. Àwòrán méjì-méjì tí mo sọ lókè ni ó wúlò níbí: ẹ ní kí wọ́n síkáànì méjì papọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Iye tí wọ́n ń gbà fún 36 ni wọn yóò gbà, ẹ ó sì fúnra yín pín in sórí kọ̀ǹpútà. Èmi kì í san owó síkáànì mọ́ rárá. Mo máa ń gbé nẹ́gátíìfù sókè díẹ̀ sí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo ti sọ di funfun, kí àwọn àmì kéékèèké ojú rẹ̀ má bàa hàn, mo á fi fóònù yà á láti itòsí, mo á sì yí dúdú padà sí funfun.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí mi ò ra tuntun. Pentax 17 tí ó jáde ní ọdún 2024 ń lo ìdajì ààyè bákan náà, ó ṣeé yí ojú lẹ́ńsì rẹ̀ bá ibi tí ènìyàn wà mu, ilé iṣẹ́ sì dúró tì í. Dọ́là 499.95 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jáde, ó sì ń fẹ́ bátìrì CR2. Iye yẹn yóò ra fíìmù púpọ̀ fún ẹni tí ó ti ní Pen. Kodak Ektar H35 ti ọdún 2022 rọ̀jú jù, ike ni, ṣùgbọ́n ihò kan àti ìyára kan ṣoṣo ni ó ní, kò lè díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, lẹ́ńsì rẹ̀ kò sì lè dúró níwájú D.Zuiko.

Ẹni tí yóò ra Pen EE-3 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nínú àpótí bàbá àgbà, kí ó kọ́kọ́ gbé ojú lẹ́ńsì sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó wo inú rẹ̀. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń mú kí dígí bu, nǹkan funfun tí ó dà bí òwú aláǹtakùn yóò sì nà kiri níbẹ̀. Èyí tí ó bá ti tàn dé àárín, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi òrùka sí A, kí ó yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tí ń gbé fíìmù lọ, kí ó kọjú kámẹ́rà sí ìta gbangba kí ó sì tẹ bọ́tìnì: ó yẹ kí ó wọlé. Kí ó tún kẹ̀kẹ́ yí, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ pátápátá, kí ó tún tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kí ahọ́n pupa yọ. Bí ahọ́n pupa bá ń yọ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, sẹ́lì ti kú nìyẹn, kò sì sí ibi tí a ti ń rí tuntun rà.

Kámẹ́rà tí sẹ́lì rẹ̀ kú kò tíì di ohun ìdànù, ṣùgbọ́n kí ẹ má san iye èyí tí ó pé lé e lórí. Bí a bá yí òrùka kúrò ní A sí nọ́ńbà ihò, ṣọ́tà yóò máa ṣiṣẹ́ ní 1/40 nígbà gbogbo, láìka ìmọ́lẹ̀ sí. Pẹ̀lú fíìmù 100, ẹ fi sí 22 nínú oòrùn gbangba, kí ẹ fi sí 11 tàbí 8 bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kí ẹ sì di ọwọ́ mú ṣinṣin, nítorí 1/40 kò yára tó láti mú ọmọ tí ń sáré. Fíìmù 400 kò dára fún irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán, nítorí ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀ jù, 22 náà kò sì ní tó láti dí i lọ́nà.